Adìẹ Tí Kò Mọ Ilẹ̀ Í Tẹ̀

Lọ́jọ́ tí mo gbé adìẹ náà dé Ararọ̀mí-Òwu, ibi tí mo gbé e kalẹ̀ sí láàárọ̀ ni mo tún bá a lọ́sàn-án. Ẹ̀bá ìkòkò omi ni. A ò so ó mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kán. Ó kàn dúró ṣáá, ó na ọrùn, ó ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Àwọn adìẹ ìbílẹ̀ tí ìyá mi ń sìn ń kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n ń họ ilẹ̀, wọ́n ń ṣa kòkòrò jẹ. Àkùkọ kan tiẹ̀ wá yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ apá kan sílẹ̀ bí àkùkọ ti í ṣe tó bá rí abo tuntun. Kò mira. Ìyá mi jókòó sórí àpótí, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n ń wò ó. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Kí lẹ fi ṣe é?"

"A ò fi nǹkan kan ṣe é, Màmá. Inú kéèjì ló ń gbé tẹ́lẹ̀ ni."

"Kò mọ ilẹ̀ í tẹ̀." Wọ́n ju èèpo ẹ̀gẹ́ kan sí i lẹ́sẹ̀. Kò wò ó. "Ó dáa náà, ṣebí Ararọ̀mí lo gbé e wá. Bóyá ara á rọ òun náà."

Mo rẹ́rìn-ín. Orúkọ ìlú wa kì í ṣe orúkọ àwàdà. Àwọn ọmọ Òwu tí ìjà ọjà Apòmù di ogun mọ́ lọ́wọ́, tí ogun náà sì fọ́n ká ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, mọ ohun tí wọ́n ń sọ tí wọ́n bá débì kan tí wọ́n ní ara rọ àwọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín mi kò dénú. Adìẹ 480 ni mo ń sìn nígbà yẹn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí mo lè nawọ́ sí níwájú ìyá mi kí n ní ara rọ èyí.

Tíṣà ni mí. Tíṣà tó bá fẹ̀yìn tì lágbègbè wa, ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ kò pọ̀: yóò ra márúwá fún ọmọkùnrin kan tí yóò máa fi jíṣẹ́ owó fún un, yóò dá ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀, tàbí yóò sin adìẹ. Ọdún 2014 ni mo kó owó mi lé adìẹ, lẹ́yìn ilé mi ní Ìkirè, lójú ọ̀nà tó lọ sí Apòmù. Kéèjì 5 ni mo rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Ìbàdàn, alájà mẹ́ta-mẹ́ta, ẹyọ kan ń gba adìẹ 96. Ó ní ẹyin á máa yí wá bá mi fúnra rẹ̀, ìgbẹ́ á máa jábọ́ sílẹ̀, adìẹ ò ní ráyè ṣa ẹyin jẹ, àrùn tó ń ti inú ìgbẹ́ wá ò sì ní tètè ràn wọ́n. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012 ni àwọn orílẹ̀-èdè inú Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de irú kéèjì yìí gan-an. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo ra tèmi, mo sì gbà pé ọ̀làjú ni mo fowó rà.

Ojú wáyà tó kan adìẹ kọ̀ọ̀kan kò ju ojú ewé tí àwa tíṣà fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò lọ. Ó lè dìde, ó lè jókòó, ó lè na ọrùn síta jẹun. Apá rẹ̀ méjèèjì, kò lè nà án tán. Mo mọ èyí láti ọjọ́ kìíní, kò sì dí oorun mi lọ́wọ́. Ohun tó wá dí i lọ́wọ́ kéré gan-an. Ẹ ti rí i bí adìẹ ti ń fi erùpẹ̀ wẹ̀: á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fi apá bu erùpẹ̀ da sára, á máa yí, á gbọn ara nù, á dìde. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń bu fíìdì sínú ọpọ́n ọlọ́gbàrá wọn, mo rí ọ̀kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ lórí wáyà. Kò sí erùpẹ̀ níbẹ̀ o. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń bu afẹ́fẹ́ da sára, ó ń fi orí nu ara ẹnìkejì rẹ̀, ó sì gbọn ìyẹ́ nù nígbà tó ṣe tán, bí ẹni pé ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kó gbọ̀n nù. Adìẹ yìí kò fojú kan ilẹ̀ oníyanrìn rí. Orí ìyẹ̀fun pákó láti sọ́mìlì ni wọ́n ti tọ́ ọ títí di ọ̀sẹ̀ 16 tí mo rà á, láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sórí wáyà. Ta ló wá kọ́ ọ ní erùpẹ̀?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí ohun tí mi ò rí tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀kan bá fẹ́ yé, á máa ti àwọn tó kù síhìn-ín sọ́hùn-ún, á máa ki orí bọ gbogbo igun, bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Àwọn adìẹ ìyá mi ní tiwọn, abẹ́ ibùsùn ni wọ́n ń lọ, nínú apẹ̀rẹ̀ àlòkù tí wọ́n fi àkísà sí. Tèmi kò ráàyè bẹ́ẹ̀, ẹyin náà yóò bọ́ ṣá, yóò sì yí wá bá mi bí ọkùnrin Ìbàdàn ti wí.

Àwọn òyìnbó fẹ́ràn òwe wa kan, èyí tó ní ẹni tó bá fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò ná. Wọ́n ti kọ ọ́ káàkiri ayé pé òwe Yorùbá ni. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi rí. Èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn, nígbà tí mo fi pàṣán lu òbúkọ kan ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kúrú: "Ṣé ó lè fẹjọ́ ẹ sùn ni?" Mo ju pàṣán nù. Mi ò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀, àfi bóyá nítorí pé èmi náà mọ bí wọ́n ti ń nà mí ní iléèwé tí mi ò sì lè fẹjọ́ sùn.

Kí n má fi gbogbo ẹ̀bi dá ara mi, torí ẹ̀bi àdájù náà ń di àṣehàn. Nínú òwò adìẹ yìí, ibì kan wà tí ọwọ́ wa mọ́ ju ti àwọn tó kọ́ wa lọ. Irú adìẹ tó ń yé ẹyin, akọ rẹ̀ kò wúlò fún ẹlẹ́yin, kì í sì í tètè sanra. Nílẹ̀ òyìnbó, ọjọ́ tí wọ́n bá pa á lẹ́yin ni wọ́n ń pa á danù, ọ̀kẹ́ àìmọye lọ́dọọdún. Ọdún 2022 ni Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin de é. Ta ló jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ níbí? Wọ́n ń tà á ní owó pọ́ọ́kú, òun là ń pè ní kọ́kẹ́rẹ̀lì, àwọn opó àti ọmọ iléèwé ń rà á sìn láti oṣù kẹjọ, ó sì ń di ẹran ọdún nígbà tí Kérésì bá dé. Ìṣẹ́ ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là, fún oṣù mẹ́rin.

Yàtọ̀ sí adìẹ, ìyá mi ń sin ewúrẹ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa yìí ni, ẹlẹ́sẹ̀ kéékèèké. Èèpo ẹ̀gẹ́, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, pàǹtí ọkà tí wọ́n bá sẹ́ ògì tán, ewé tí a bá já bọ̀ láti oko kòkó, ohun tí wọ́n ń jẹ nìyẹn. Etí wọn ni a fi ń dá wọn mọ̀: ti ìyá mi, etí òsì ni wọ́n gé ṣóńṣó rẹ̀, ti aládùúgbò wa, wọ́n la tọ̀tún sí méjì. Bí ìyá mi bá dé láti oko tí wọ́n pè ní ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn á sáré wá, èyí tó bá sì kù, wọ́n mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé wọ́n kà wọ́n. Ojú wọn ni wọ́n ń wò.

Àwọn ewúrẹ́ yìí ni báǹkì wa. Owó iléèwé mi, ewúrẹ́ ni. Ìgbà tí bàbá mi dùbúlẹ̀ àìsàn, ewúrẹ́ méjì. Ẹran tí a ń fi ẹnu jẹ kò tó nǹkan, nínú ọbẹ̀ a máa tóbi tó àtàǹpàkò, bàbá lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ tí a bá sì fẹ́ pa ọ̀kan nílé, fún ìsọmọlórúkọ tàbí ọdún, ìyá mi kì í sí nílé. Odò ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á gbé korobá, a ó sì máa gbọ́ pé omi ló tán, omi náà á sì wà nínú ìkòkò kún dé ọrùn. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á se ẹran náà, wọ́n á sì jẹ níbẹ̀. Mo ti ń ro ìrìn odò yẹn fún ogójì ọdún. Àgàbàgebè ni ẹlòmíì yóò pè é. Lójú tèmi, ó dà bí owó ibodè: ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹran tó mọ̀ lójú, ó ní ohun kan tí yóò kọ́kọ́ san.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ ọ́ di ìtàn àtijọ́ aládùn. Lùkúlùkú a máa dé pẹ̀lú ọyẹ́, láàárín ọjọ́ mẹ́rin agbo ilé á dákẹ́, kò ní sí àkùkọ tí yóò kọ. Kátà a máa pa ewúrẹ́, tòun ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ìgbẹ́ gbuuru. Àwòdì ń gbé òròmọdìẹ, mọ́tò ń tẹ àgbà. Ewúrẹ́ wa jẹ ẹ̀fọ́ olóko, olóko sì fi àdá ṣá a lẹ́sẹ̀. Adìẹ mi nínú kéèjì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lásìkò, kò rí àwòdì, kò mọ ebi. Bó bá jẹ́ bí ẹ̀mí ti gùn tó nìkan ni ká fi wọn ìwà rere, èmi ni ma á gbégbá orókè. Nígbà tí àrùn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀dù fúlúù dé orílẹ̀-èdè wa lọ́dún 2006, tó jẹ́ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní gbogbo Áfíríkà, tó sì tún padà wá lọ́dún 2015 nígbà tí tèmi wà nínú kéèjì, oògùn ni mo fi ń wẹ bàtà kí n tó wọlé tọ̀ wọ́n, bí ẹni tó fẹ́ wọlé ìkókó.

Ìṣirò ló yí ọkàn mi padà, kì í ṣe àánú. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ èyí. Adìẹ tó ń yé máa ń jẹ fíìdì tó gíráàmù 120 lójúmọ́. Tí ẹ bá sọ ọ́ di ọ̀nà 480, ó lé ní kílò 57, ó ju àpò méjì lọ lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Ìdajì rẹ̀ tàbí kó lé, àgbàdo ni, èyí tó kù, sóyà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àgbàdo náà á tó kóńgò 18. Mo lọ jókòó sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ tó wà ní òpópónà wa, mo bi í léèrè iye kóńgò tó ń rẹ lójúmọ́. Ó ní mẹ́ta, lọ́jọ́ ọjà mẹ́rin. Gbogbo àdúgbò ló ń jẹ ẹ̀kọ rẹ̀. Adìẹ mi ń jẹ ti àdúgbò mẹ́fà, ohun tí wọ́n sì ń dá padà, ẹyin bíi 380, kò wọ̀n ju kílò 22 lọ. Ẹyin dára o, ara ọmọdé ń fẹ́ ẹ, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹyin. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ìyá mi, ohun tí a jù nù ló ń jẹ. Tèmi ń bá wa du abọ́.

Ìgbà tí àgbàdo wọ́n ni mo wá rí i pé kì í ṣe àpèjúwe lásán. Ní oṣù keje ọdún 2020, Báǹkì Àpapọ̀ ní àwọn kò ní ta dọ́là mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kó àgbàdo wọlé. Òjò kò ṣe dáadáa, darandaran àti ajínigbé kò jẹ́ kí wọ́n dáko lápá òkè, Kòrónà ti ti ojú ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ kan náà, èmi àti ìyá ẹlẹ́kọ pàdé níwájú alágbàdo kan náà ní ọjà Ìkirè, àpò kan ló kù. Ẹ ò ní béèrè ẹni tó rà á. Èmi ni mo lówó jù.

Àwọn tó ń ṣírò ohun tó ń ba ayé jẹ́ ti gbé ọ̀rọ̀ ẹran yìí sórí tábìlì tipẹ́. FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣírò lọ́dún 2013 pé ìdá 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì tí ọwọ́ ènìyàn ń tú sójú sánmọ̀, tó ń mú ayé móoru, ọ̀dọ̀ ọ̀sìn ẹran ló ti ń wá. Apá ńlá nínú rẹ̀, gùfẹ̀ ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ ni, gáàsì mẹ́tánì tó ń ti inú màlúù jáde. (Ewúrẹ́ ìyá mi náà ń jẹ àpọ̀jẹ. Ó ń gùfẹ̀.) Tí àwọn kan bá wá ka ìṣirò yẹn tán, wọ́n á kọjú sí gbogbo ayé pé ká dín ẹran kù. Gbogbo ayé kọ́. Ọmọ Amẹ́ríkà kan ń jẹ ẹran tó ju kílò 100 lọ lọ́dún, ọmọ Nàìjíríà kan kò jẹ tó 10. Ìyá tó ń pín ẹran bí àtàǹpàkò fún ọmọ mẹ́rin, èwo ni kó dín kù níbẹ̀?

Àmọ́ nínú kílò tí kò tó 10 yẹn, àwa kan wà tí à ń jẹ tiwa àti ti aládùúgbò wa, òde àríyá la sì ti ń jẹ ẹ́. Nígbà tí bàbá ìyàwó mi fi ilẹ̀ ṣaṣọ bora, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, màlúù mẹ́ta la pa. Èmi ni mo ra ọ̀kan, torí àna ni mo jẹ́, ojú àna ò sì ṣeé fi gbogbo ara wò. Wọ́n ti so wọ́n mọ́ igi níwájú ilé láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Wẹ́sidé kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí wọn, ẹnìkan ya fọ́tò pẹ̀lú tèmi. Láti òkè ọya ni wọ́n ti kó wọn wá nínú tírélà, ní ìdúró, mo sì ti rí bí wọ́n ti ń já wọn sílẹ̀ ní ọjà màlúù Kárà létí Odò Ògùn, tí wọ́n á fi ìrù fa èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kú. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹran pọ̀ débi pé ọ̀rá ni wọ́n fi ń dì í fún èèyàn. Ní ọjọ́ Àìkú, mo rí ìkòkò kan tó ti kan lẹ́yìnkùlé, wọ́n gbé e dà sí ààtàn, ajá sì yó. Ẹran Ìléyá kì í rí báyìí. Àáfà tó ń pa ti aládùúgbò mi a máa fi ọ̀bẹ sẹ́yìn kí àgbò má rí i, wọn kì í pọ́n ọn níwájú rẹ̀, wọn kì í pa ọ̀kan lójú èkejì, ìdá kan nínú ẹran náà sì jẹ́ ti aláìní. Tiwa, kí wọ́n lè rí i pé a pa á la fi pa á.

Bí mo bá wá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ara mi, mo gbọ́dọ̀ fi wọn ẹlòmíì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Ẹran tó ń jẹ ohun tí ènìyàn kò lè jẹ, tó ń rìn, tó ń rí oòrùn, tí ẹni tó ni ín mọ̀ ọ́n lójú, ta ló tún ń sin irú rẹ̀ lágbègbè wa bí kò ṣe Bọ̀rọ̀rọ́, Fúlàní darandaran? Mo sọ èyí lẹ́ẹ̀kan níwájú àbúrò bàbá mi. Wọ́n wò mí títí.

"Ìwọ tíṣà yìí. Ẹ̀gẹ́ mi tí wọ́n jẹ, ohun tí ènìyàn kò lè jẹ ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Éékà méjì ni, mo bá wọn lọ wò ó. Wọ́n ti fi ẹnu fa ewé rẹ̀, wọ́n ti fi pátákò wú gbòǹgbò rẹ̀ jáde, wọ́n sì tẹ àwọn ọmọ kòkó tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ sáàárín rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òru ọjọ́ kan péré ni. Bàbá jókòó sórí ebè kan, wọ́n ń ṣa èyí tó ṣì lè di gàrí.

Síbẹ̀, àwa náà la ṣí ilẹ̀kùn. Nígbà tí apá ibí yìí ṣì jẹ́ igbó kìjikìji, màlúù ńlá oníké kò lè gbé níbẹ̀, eṣinṣin tsetse á ti fi àrùn pa á kó tó mọ ọ̀nà. Àwọn màlúù Mútúrù kúkúrú tí kò ní iké àti ewúrẹ́ bíi ti ìyá mi nìkan ló lè fara dà á. A wá gé igbó, a gbin kòkó, a tún gé e, a gbin ẹ̀gẹ́, a la gẹdú sí pákó. Eṣinṣin dín kù, abẹ́rẹ́ oògùn sì dé. Ilẹ̀ tó gbẹ lókè ń lé màlúù bọ̀, ilẹ̀ tó ṣí nísàlẹ̀ ń gbà á. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà ìhà gúúsù pàdé ní Àsàbà, wọ́n ní kí fífi ẹran jẹko káàkiri dópin. Ní oṣù keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ dá odidi ilé-iṣẹ́ mínísítà sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọ̀sìn. Mo fara mọ́ ọn pé kí àbúrò bàbá mi lè sùn lóru. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí màlúù dúró lójú kan, kó sọ ohun tí yóò máa jẹ níbẹ̀. Bí kò bá jẹ́ koríko tí ẹnìkan gbìn, tó bomi rin, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ ti ẹnìkan, á jẹ́ pé àgbàdo ni. A ó sì ti kọ́ kéèjì mi, àmọ́ tí yóò tóbi tó pápá bọ́ọ̀lù.

(Ìyàwó àbúrò bàbá mi yìí kan náà, lọ́jọ́ ọjà, wàrà ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní, wọ́n sì ní oníbàárà àwọn ni. Obìnrin náà ló kọ́ wọn pé oje ewé bomubómu ló ń mú un dì.)

Mo ti ronú sí i pé èèpo ẹ̀gẹ́ ni ìbá gbà mí. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa mọ òkìtì èèpo tó wà lẹ́yìn gbogbo ilé gàrí, láti Ararọ̀mí dé Apòmù. Lójú òjò ó ń jẹrà, omi rẹ̀ dúdú, ó ń ṣàn lọ sínú odò, òórùn rẹ̀ kò sì ṣeé fara dà. Lọ́gbẹlẹ̀, wọ́n ń dáná sun ún, èéfín rẹ̀ a sì máa ta àwọn obìnrin tó ń yan gàrí lójú. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù láyé, ẹ wá fojú inú wo èèpo rẹ̀. Ìyá mi a máa sá a fún ọjọ́ kan kí májèlé inú rẹ̀ rọ̀ kí wọ́n tó fún ewúrẹ́. Àwọn onímọ̀ ILRI, tó ń ṣèwádìí ọ̀sìn ẹran nínú ọgbà IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ń rin ín bí ẹni ń rin ẹ̀gẹ́ gàrí, wọ́n á fún omi rẹ̀ kúrò, wọ́n á sá a, láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti gbẹ. Tọ́ọ̀nù 3 tútù á di 1 tó ṣeé kó pa mọ́, adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ sì lè jẹ ẹ́ rọ́pò púpọ̀ nínú àgbàdo. Ẹ̀rọ kan náà tó wà nílé gàrí ni wọ́n ń lò. Ìbàdàn sí Ìkirè, ìrìn wákàtí kan ni. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń ra àgbàdo, tí mo ń kọjá lára òkìtì náà tí mo sì ń di imú.

Lọ́jọ́ karùn-ún tí mo gbé adìẹ kan yẹn fún ìyá mi, òjò rọ̀ ní Ararọ̀mí-Òwu. Ìyá mi pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀. Wọn ò kí mi. "Ó ti họ ọ́ o." Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. "Adìẹ yín. Ó fi ẹsẹ̀ kan họ ilẹ̀, ó fò sẹ́yìn, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí owó fi tán lórí fóònù.

Nígbà tí mo ta àwọn adìẹ ìyókù, ìyá kan tó máa ń ra ọ́ọ̀dù léyà ló wá kó wọn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń fà wọ́n jáde, márùn-ún lọ́wọ́ kan. Egungun wọn ti fúyẹ́, kálísíọ́mù rẹ̀ ti bá ẹyin lọ, a sì ń gbọ́ tó ń dún. Kéèjì nìkan ló kù. Mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp pé mo fẹ́ tà á, ọ̀dọ́kùnrin kan láti Gbọ̀ngán sì dé lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan wáyà kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ibi tó ti dípẹtà.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń tà á?"

"Fíìdì ti wọ́n."

Òótọ́ ni. Ó ka owó fún mi lẹ́ẹ̀mejì. A jọ ń gbé e sọ́kọ̀, ìyẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ àwọn igun rẹ̀. Mo sọ fún un pé kó wá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan tí yóò máa kó ìgbẹ́ wọn, kí àdúgbò má baà bá a jà. Ó dúpẹ́. Mo tún ní, "Tó bá ṣeé ṣe, má gé ẹnu wọn."

Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín àrífín. "Bàbá, nínú ibi tó há báyìí? Wọ́n á ṣa ara wọn jẹ."

Òótọ́ ló sọ. Mo bá a di okùn náà mú lápá kejì, ó sì so ó.